Òṣómàáló, Ológbò Màmá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ pé mo fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe nǹkan ìṣeré fún ológbò, àwọn kan nínú yín á ní orí mi ti dàrú. Ẹni tí kò ra bọ́ọ̀lù fún àbúrò rẹ̀ rí, òun ló ń gé ọparun fún ológbò! Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kà á tán kó tó dá a.

Ológbò náà kì í ṣe tèmi. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ni ín ní Iléṣà. Òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Òṣómàáló lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, láyé àtijọ́ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a sì tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á sì lóṣòó síbẹ̀. Wọn á gbé àga fún un, kò ní gbà. Á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Bí wọ́n ṣe di Òṣómàáló nìyẹn.

Nígbà tí Màmá rí bí ọmọ ológbò yìí ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ihò èkúté nínú yàrá tí wọ́n ń kó obì sí, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn, tí ìrù rẹ̀ kì í mì, tí kì í ṣẹ́jú, Màmá ní, “Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi rèé. Kò níí dìde títí yóò fi gbowó rẹ̀.” Orúkọ dé nìyẹn. Tí a bá ń kánjú pè é, a máa ń gé e kúrú sí Òṣó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé.

Màmá papòdà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 péré ni, ìkìlọ̀ lásán. Mo ṣì wà ní 200 level nígbà náà. Mo kó aṣọ ọ̀sẹ̀ 4 sínú báàgì, mo wọ mọ́tò lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òṣogbo.

Nínú oṣù kẹta, èmi àti ìyá mi lọ sí Iléṣà láti kó ẹrù Màmá, torí àwọn ẹbí fẹ́ gba ayálégbé sínú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ la ti bá Òṣómàáló. Ó ti gbẹ bíi pańla. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì sọ fún wa pé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Màmá jáde. Ìyá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ìborùn nujú. Gbèsè tí kò sẹ́ni tó lè san ni ológbò yẹn ń dúró gbà.

Àbúrò Màmá kan ní ká lé e wọgbó, pé ológbò á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ìyá mi kọjú sí mi, ó ní, “Gbé e.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá páálí Indomie, mo lu ihò sí i lára, mo gbé Òṣó sínú rẹ̀. Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà bi mí pé kí ló wà nínú páálí. Mo ní ẹran ni. Ó ní irú ẹran wo? Kí n tó lanu, ẹran náà ti fúnra rẹ̀ dáhùn. Ìyá kan tó jókòó níwájú kígbe “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”, ó ní tí ológbò bá wọ mọ́tò yìí, òun ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ìyá mi sanwó ìjókòó kan lé tiwa, tí a gbé páálí sẹ́yìn pátápátá láàárín àpò gààrí, la tó ráyè kúrò ní Iléṣà. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan tí a kọjá tí kò gbọ́ igbe Òṣó.

Ilé tí à ń gbé ní Òṣogbo, ilé face-me-I-face-you ni, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Yàrá kan àti pálọ̀ ni tiwa. A kò lè jẹ́ kí Òṣó jáde, nítorí ìdí méjì.

Ìdí kìn-ín-ní ni oògùn eku. Èkúté pọ̀ nínú ilé yẹn, gbogbo ayálégbé ló sì ń po oògùn mọ́ ẹja tàbí àkàrà àná, tí wọ́n ń fi sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkúté tó bá jẹ ẹ́ kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Á máa rìn tàgétàgé kiri, irú èyí ló sì rọrùn jù fún ológbò láti mú. Ológbò tó bá jẹ èkúté olóògùn, òun náà ti jẹ oògùn. Ikú tó pa ológbò alápatà àdúgbò wa nìyẹn, ìṣojú mi sì ni.

Ìdí kejì ni Ìyá Ìbejì, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń ta èlùbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, ó gbọ́ tí mo ń pe “Òṣó! Òṣó! Jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!” Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ewì nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé ohùn ló gbé èdè wa ró. Òṣó tí èèyàn ń ló àti oṣó tó ń fi òru rìn, ohùn kékeré ló wà láàárín wọn. Láti yàrá kejì, tí ìlẹ̀kùn sì wà ní títì, èwo lẹ rò pé obìnrin náà gbọ́? Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kí i pé ẹ káàárọ̀ mà, á dáhùn, ṣùgbọ́n á fa àwọn ìbejì rẹ̀ mọ́ra.

Bí ológbò tó ń rin gbogbo àgbàlá Iléṣà ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sùn. Ológbò lè sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, nítorí náà a kò fura. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ológbò máa ń yá jù, torí àwọn ohun tó ń dọdẹ máa ń jáde nígbà yẹn. Tí aago mẹ́rin ìdájí bá lù, Òṣó á fò láti orí kọ́bọ́ọ̀dù sórí bẹ́ẹ̀dì, á ti orí bẹ́ẹ̀dì gun kọ́tìnnì, á ti ìkòkò ṣubú. Ó fa fóòmù ya. Ó fa hándáoùtù mi ya, èyí tí mo fi owó oúnjẹ rà. Mo fi ìgbálẹ̀ nà án lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. A rò pé ó ti gbọ́n. Irọ́ ni. Ṣe ló ń jókòó kọjú sí ògiri. Kò sáré mọ́, kò sì jẹun dáadáa mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń lá ikùn ara rẹ̀. Á lá a láàárọ̀, á lá a lálẹ́, títí irun ibẹ̀ fi tán, tí awọ pupa hàn síta.

Ìyá mi ní Màmá ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, tó ti ojú wíńdò rí i, ní awọ ló fẹ́ pa dà. Èmi rántí ọ̀rọ̀ kan tí Màmá máa ń sọ fún wa nígbà ọlidé, tí àwa ọmọ bá jókòó lásán tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà. Màmá kì í pe iṣẹ́ ní iṣẹ́, uṣẹ́ ló ń pè é bíi gbogbo Ìjẹ̀ṣà. Á ní, “Ẹni tí kò bá rí uṣẹ́ ṣe, ara rẹ̀ ni yóò máa ṣe.”

Nínú oṣù karùn-ún, mo tún gbé páálí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan. Ó tú irun rẹ̀ wò, kò rí eégbọn, kò rí làpálàpá. Ó tẹ ikùn rẹ̀ wò. Ó wá bi mí pé, “Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

Mo ní, “Ológbò ni, sà.”

Ó ní, “Mo rí i pé ológbò ni. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ológbò kò wá sọ́dọ̀ èèyàn torí ìfẹ́. Nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn èèyàn Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà jọ sínú àká, èkúté tẹ̀ lé ọkà, ológbò sì tẹ̀ lé èkúté. Iṣẹ́ ló bá wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n di ará ilé: ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí egungun ológbò tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú èèyàn ní erékùṣù Cyprus, láti nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Dókítà ní nínú ara ológbò, iṣẹ́ náà ní ìpele: á fojú sọ́ ọ, á rákò lọ bá a, á fò mọ́ ọn, á fi eyín mú un. Ohun tó ń pa kéré, nítorí náà ó ní láti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kó tó yó. “Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ń gbé oúnjẹ ọ̀fẹ́ síwájú rẹ̀. Ẹ lọ wá iṣẹ́ fún un.”

Mo gbé páálí mi, mo ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí bíi pé èmi ló ń bá wí. Èmi náà ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ìyá mi. Mo ń jí laago mọ́kànlá. Mo ń tẹjú mọ́ ògiri.

N kò lówó, nítorí náà ohun tó wà nílé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ká ìbọ̀sẹ̀ mọ́ra bíi bọ́ọ̀lù, mo jù ú sí Òṣó. Ó wò ó, ó wò mí, ó padà kọjú sí ògiri. Kò jẹ̀bi. Èkúté wo ló ń jókòó de ológbò?

Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sára ògiri lálẹ́, mo ń mi ìmọ́lẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Háà! Òṣó dìde, ó lé e, ó fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn alẹ́ mẹ́ta, tí mo bá ti pa tọ́ọ̀ṣì, á máa wá ìmọ́lẹ̀ náà kiri gbogbo kọ̀rọ̀, á máa ké. Ó ń lé ohun tí kò ṣeé mú. Ohun tó ṣe àwa náà lọ́dún yẹn nìyẹn, àbí irọ́ ni? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4, wọ́n fi 8 kún un, wọ́n fi 12 kún un, wọ́n tún fi 4 lé e nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí oṣù náà máa fi parí wọ́n ní kò lọ́jọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá ní ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, mo máa ń di báàgì mi. N kò tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí Òṣó mọ́.

Èyí tó kọ́kọ́ yọrí sí rere ni ọ̀pá. Mo gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, mo so okùn mọ́ ọn lórí, mo so ìyẹ́ ẹtù tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta adìyẹ ní Ọjà Ọba mọ́ ìdí okùn náà. Kì í ṣe ìyẹ́ ọ̀hún gan-an ni iṣẹ́, bí a ṣe ń fà á ni. Tí mo bá fà á sún mọ́ Òṣó, kò ní kà á sí, torí kò sí eku tó ń rìn bọ̀ wá sẹ́nu ológbò. Mo ní láti fà á lọ kúrò níwájú rẹ̀, kí n fi pamọ́ sẹ́yìn páálí, kí n dúró díẹ̀, kí n wá mì í fẹ́ẹ́. Nígbà náà ni mo rí ohun tí Màmá rí: Òṣó lóṣòó. Ojú rẹ̀ là rekete, ìdí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó dúró, ó sì fò. Mo jẹ́ kó mú un. Mo sì ju ẹja gbígbẹ kékeré kan sí i, kí iṣẹ́ lè lówó nínú.

Tí a bá ṣeré tán, mo máa ń gbé ọ̀pá náà kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi nípa òwú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti rọ́bà. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, ohun tó bá ti há síbẹ̀, ó ṣòro kó tu ú jáde, ṣe ló máa ń gbé e mì. Òwú tó bá wọ inú ìfun lè fa ìfun jọ bí okùn ṣòkòtò ṣe ń fa ìbàdí ṣòkòtò jọ, kó sì gé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwú bá ọmọ ológbò ṣeré ní họ́sítẹ̀lì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sí kíláàsì.

Ìkejì ni ike omi. Mo lu ihò mẹ́rin sí i lára, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná dán etí àwọn ihò náà kó má baà gé e lẹ́nu, mo da ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ àti edé sínú rẹ̀. Tó bá fi ọwọ́ gbá a, tó yí, ẹyọ kan á já bọ́. A dín oúnjẹ inú abọ́ kù, ìdajì wá ń ti inú ike jáde. Àwọn mìíràn mo fi pamọ́ sínú páálí, sábẹ́ tábìlì, sẹ́yìn bàtà. Ó di pé kó rìn kó tó jẹun, bíi gbogbo ayé. Páálí Indomie tó gbé e wá láti Iléṣà náà kò ṣòfò. Mo fẹ ihò ara rẹ̀, mo máa ń yọ igi tí mo wé àkísà àdìrẹ mọ́ lórí láti ihò kan sí òmíràn, kó máa ṣọ́ ibi tó tún máa ti yọ.

Ìkẹta ni ọmọ odó. Ológbò ní láti ha èékánná rẹ̀ mọ́ nǹkan, tí kò bá sì rí nǹkan, fóòmù yín ni. Mo wá igi tó lágbára kiri, n kò rí, àfi ọmọ odó tí Màmá fi ń gún iyán, tí ìyá mi kó wá láti Iléṣà, tó gbé ti ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé okùn tó yi mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀. Ìyá mi wọlé bá mi. Ó ní, “Ọmọ odó ìyá mi! Fún ológbò?” Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mo fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n Òṣó ti dé ìdí rẹ̀. Ó gbóòórùn igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá nà gùn-ún-rùn, ó sì kó èékánná bò ó. Ìyá mi dúró wò ó. Nígbà tó yá ó ní, “Okùn yẹn ò le tó. Tún un wé.” Òun ló bá mi di ìdí rẹ̀ mú.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pá sú u, ike sú u. Mo bínú, mo ní aláìmoore ni. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Bradshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ológbò tí wọ́n fún ní ohun ìṣeré kan náà léraléra, ó sú u. Tí wọ́n bá fi òmíràn tó yàtọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á tún yá gágá. Iṣẹ́ wọn tó ṣáájú, ti ọdún 1998, fi hàn pé ológbò tí ebi ń pa máa ń ṣeré ju èyí tó yó lọ. Nítorí náà kì í ṣe àìmoore. Mo pín nǹkan náà sí mẹ́ta, mo ń gbé apá kan jáde lọ́jọ́ méjì méjì, mo ń pààrọ̀ ìyẹ́, mo ń yí ọ̀nà páálí padà, mo sì ń ṣe é kó tó jẹun alẹ́. Ó di kí n jí láago mẹ́fà, torí tí n kò bá jí, Òṣó á wá lóṣòó sórí àyà mi. Lẹ́yìn tó bá ṣeré tán tó sùn, mo máa ń kọ̀wé sẹ́yìn hándáoùtù tó ti fà ya. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ìtàn àkọ́kọ́ tí mo gbé wá fún ẹgbẹ́ wa yìí. Nígbà tí oṣù keje fi wọlé, irun ti ń hù níkùn rẹ̀.

Oṣù keje náà sì ni Bàbá Onílé pe ìyá mi. Ó ní àwọn ayálégbé ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, pé orúkọ tí à ń pè lóru kì í ṣe orúkọ ẹran. Ó ní kí oṣù tó parí, kí ológbò náà kúrò, tàbí ká bá a lọ. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún mi títí di alẹ́. Ó ní, “Ìyá mi ló fi sílẹ̀. Níbo la máa gbé e sí?”

Ọjọ́ 16 oṣù náà ni ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ mọ ọjọ́ ìdìbò: mọ́tò kò rìn, ọjà kò ṣí, tí èèyàn bá ti dìbò tán, ilé ló kù. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ilé mọ bó ṣe ń ṣe Òṣó. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọdé ti ń jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì ń fa ọ̀pá fún Òṣó. Nígbà tí mo gbójú sókè, Táyé àti Kẹ́yìndé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Táyé ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kémi náà fà á.”

Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n mo fún un. Ó fà á dáadáa jù mí lọ. Kẹ́yìndé fi swíìtì rẹ̀ sínú ike, ó ní kí ológbò náà jẹ ohun dídùn. Òṣó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Mo ṣàlàyé pé ológbò kì í mọ adùn ṣúgà lẹ́nu rárá, pé àwọn onímọ̀ kan ní Philadelphia ti rí ìdí rẹ̀ nínú ara ológbò ní ọdún 2005. Kẹ́yìndé ní, “Ó mà ṣe o,” ó sì yọ swíìtì rẹ̀ padà.

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni ìyá wọn wọlé bá wa. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Kò pariwo. Ó ń wo Òṣó, tó lóṣòó síwájú ike, tí kò mì. Ó ní, “Ọmọ Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ṣé kì í ṣe Oṣó lẹ̀ ń pè é ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Rárá o, mà. Òṣómàáló ni. Ìyá ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Obìnrin náà wò mí, ó wo ológbò, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di ara ìlẹ̀kùn mú. Ó ní ní Ìkìrun, nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun gbọ́ ìtàn Ìjẹ̀ṣà kan tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá òun àgbà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí owó aṣọ, títí bàbá náà fi ta ewúrẹ́ san án. Ó tún wo Òṣó. Ó ní, “Bó ṣe máa ń lóṣòó nìyí lóòótọ́?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Èkúté ti jẹ àpò èlùbọ́ mi méjì lóṣù yìí.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èkúté inú oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdánù owó nìkan. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, láti ara eku ló ti ń wá, ìtọ̀ rẹ̀ lára oúnjẹ tó láti kó o ran èèyàn. Èyí ni mo sọ fún Ìyá Ìbejì. Mo sì sọ fún un pé tí oògùn bá wà nílẹ̀, Òṣó kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Bàbá Onílé. A gbá gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́, a kó oògùn kúrò, a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, tí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ń gbé Òṣó wọ yàrá èlùbọ́, a ó ti ìlẹ̀kùn. Alẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò mú nǹkan kan. Àwọn ayálégbé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ológbò oníṣeré ni. Ìdájí ọjọ́ karùn-ún, igbe Ìyá Ìbejì jí gbogbo ilé. A sáré jáde. Èkúté ńlá méjì wà nílẹ̀, Òṣó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń lá ọwọ́. Ó ń lá ọwọ́ o, kì í ṣe ikùn. Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ti gbowó rẹ̀.”

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ASUU so ìyanṣẹ́lódì rọ̀. Oṣù 8 ti lọ. Lọ́jọ́ tí mo ń padà, mo pe Táyé àti Kẹ́yìndé, mo fi ibi tí ọ̀pá wà hàn wọ́n, mo sọ òfin òwú fún wọn, mo ní kí wọ́n máa pààrọ̀ nǹkan kó tó sú u. Òṣó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò wá. Nígbà tí mo gbé báàgì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí ẹnu ọ̀nà Màmá. Mo fẹ́ gbé báàgì sílẹ̀. Táyé fa ìyẹ́ ẹtù kọjá lẹ́yìn páálí, etí Òṣó yí, ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n máa ń fi fóònù ìyá wọn fláàṣì mi. Wọn kì í béèrè àlàáfíà mi. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: “Bùrọ̀dá, ṣùkù àgbàdo tí a ṣe fún un ti sú u. Kí la tún máa ṣe?” Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ní èrò nínú yín, kó wá bá mi lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́.